Imú Wúńdíá Tó Ń Ṣọ́ Iná

Gbogbo àwa tí a gbé ẹ̀gbẹ́ odò Seine nígbà ayé Fulgence Barandier la mọ̀ pé ayé tẹ́ ọkùnrin náà lọ́rùn. Bó bá jí láàárọ̀, á ti máa kùn orin sínú àwo kọfí onímílíìkì rẹ̀; bó bá di ọ̀sán, tí eruku mábù ti bo ìpéǹpéjú rẹ̀ bí ẹni tó ṣubú sínú àpò ìyẹ̀fun, orin yẹn náà ló ṣì ń kọ. Agbẹ́kùúta ni. Bàbá tó ń la òkúta ilé kíkọ́ ló bí i ní Dijon. Òòlù bàbá rẹ̀ ló gbé kọ́ èjìká wá sí Paris. Ó du ẹ̀bùn tí ọba fi ń rán àwọn tó ń gbẹ́ ère lọ kẹ́kọ̀ọ́ ní Róòmù lẹ́ẹ̀mejì, ó pàdánù lẹ́ẹ̀mejì, ó sì gbà á nígbà kẹta. Láti ìgbà tó ti padà dé, iṣẹ́ kò wọ́n ọn rí. Àbùkù kan ṣoṣo ló ní: kò mọ bí wọ́n ṣe ń sọ pé rárá.

Bí opó kan bá wá sọ pé kó bá òun gbẹ́ ère ọkọ òun sí ojú ibojì, á gbà. Bí nótárì tó ń kọ ìwé àdéhùn bá mú ìyàwó rẹ̀ wá pé kó gbẹ́ ojú rẹ̀ kí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ má sì sanra tó bó ṣe sanra, á gbà. Ìkòkò òdòdó, orí kìnnìún, ọmọ-ańgẹ́lì tí yóò máa sunkún lẹ́gbẹ̀ẹ́ pẹpẹ, gbogbo rẹ̀ ló ń gbà. Iṣẹ́ kan tó yẹ kó ṣáájú gbogbo iṣẹ́ ló ń tì sẹ́yìn, ọdún méjìlá gbáko ló sì fi ń tì í.

Iṣẹ́ náà ni ti Ẹgbẹ́ Ọlọ́nà Ọba. Wọ́n ti gba Fulgence sí ẹnu ọ̀nà, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ kan wà nínú, ọ̀kan wà lóde. Kí ènìyàn tó wọlé tán, ó gbọ́dọ̀ gbé ère mábù kan wá, odindi òkúta kan tí kò ní àlẹ̀mọ́, tó bá ère amọ̀ kékeré tí Ẹgbẹ́ ti fọwọ́ sí mu. Lẹ́yìn náà ni àwọn àgbà yóò ju ẹ̀wà sínú àpótí: ẹ̀wà funfun túmọ̀ sí ó wọlé, ẹ̀wà dúdú túmọ̀ sí kó máa lọ. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ti sún ọjọ́ síwájú fún un. Nígbà ìrúwé ọdún tó pé ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́ta, lẹ́tà dé pé kò sí ìsúnsíwájú mọ́: bí kò bá gbé ère wá ní ọjọ́ Màrtín Mímọ́ nínú oṣù kọkànlá, wọn á pa orúkọ rẹ̀ rẹ́. Ẹni tí Ẹgbẹ́ bá sì pa orúkọ rẹ̀ rẹ́, ẹgbẹ́ àwọn agbẹ́kùúta ìlú kò ní í jẹ́ kó pẹ́ kí wọ́n tó wá fi àgádágodo sí ilẹ̀kùn rẹ̀, nítorí abẹ́ òjìji Ẹgbẹ́ Ọba nìkan ló fi ń ṣiṣẹ́ láìgbàṣẹ lọ́wọ́ wọn.

Perrine, ìyàwó rẹ̀, ló ka lẹ́tà náà sókè nídìí tábìlì.

"Barandier," ló wí. Orúkọ ìdílé ló máa ń fi pe ọkọ rẹ̀ bí ọ̀rọ̀ bá ti le. "Ṣé o gbọ́ ohun tí mo kà?"

"Mo gbọ́."

"Kí ni mo kà?"

"O ní kí n jẹ ọbẹ̀ mi kó tó tutù."

"Máa jẹ ẹ́ lọ. Ibi tí o ti ń jẹ ẹ́ ni wọ́n máa bá ọ tí wọ́n á fi ti ṣọ́ọ̀bù pa. Láti ọ̀la lọ, èmi ni mo máa máa dá ilẹ̀kùn lóhùn nínú ilé yìí. Kí opó kankan wá."

Àwọn opó wá. Perrine dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó fi ọwọ́ méjèèjì lé ìgbáròkó, ó dá opó mẹ́ta àti nótárì kan padà láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ọkọ rẹ̀ ń gbọ́ ohùn wọn láti inú ṣọ́ọ̀bù, àánú wọn ń ṣe é, ṣùgbọ́n ó ń gbẹ́ òkúta rẹ̀.

Ère tí wọ́n fọwọ́ sí fún un ni ti wúńdíá kan láyé Róòmù àtijọ́, ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n yàn láti máa ṣọ́ iná mímọ́ kó má baà kú. Ó jókòó, ó na ọwọ́ síwájú iná, ìborí rẹ̀ sì ṣubú sí èjìká kan. Òkúta náà bá ọkọ̀ ojú omi dé láti Carrara, níbi tí wọ́n ti ń wa mábù ní Ítálì. Loriol, ẹni tó ti ń bá Fulgence ṣiṣẹ́ fún ogún ọdún, tó ń la òkúta gbàǹgbà kí ọ̀gá tó wá fi irin wẹ́wẹ́ tẹ̀ lé e, lù ú yí ká, ó gbé etí lé e. Ó dún bí agogo. Ẹni tí òkúta bá dún báyìí fún, ó lè fọkàn balẹ̀ díẹ̀.

Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn yẹn dùn. Aṣọ wúńdíá náà ń jáde láti inú òkúta, ọwọ́ rẹ̀ jáde, ọrùn rẹ̀ jáde, Fulgence sì ń kọrin. Nígbà tó di oṣù kẹsàn-án, ó kù kí ó parí ojú. Àárọ̀ ọjọ́ kan ló ń gbẹ́ ibi tí imú ti bẹ̀rẹ̀ láàárín ojú méjèèjì, ni ìlà dúdú kan bá yọ. Kò gùn ju èékánná lọ. Ó tún fi irin kàn án, ìlà náà sì gbòòrò sí i.

Orin dúró. Loriol sún mọ́ ọn, ó wò ó, ó fi ọwọ́ nu ẹnu.

"Ọ̀gá, ẹ jẹ́ ká hó o jáde, ká po ìda mọ́ eruku mábù, ká fi dí ojú rẹ̀. Ta ni kì í ṣe é?"

"Delaubrac, àgbà Ẹgbẹ́, ló ń bọ̀ wá yẹ̀ ẹ́ wò. Abẹ́rẹ́ gbígbóná ni bàbá yẹn fi ń yẹ òkúta wò. Ibi tí ìda bá wà, ó máa sunkún níwájú rẹ̀."

"Ká wá mú òkúta mìíràn."

"Kó tó dé láti Carrara, wọ́n á ti pa orúkọ mi rẹ́ tán."

Fulgence jókòó sórí àpótí, ó jẹ búrẹ́dì àti wàràkàṣì, kò gbé ojú kúrò lára ìlà náà. Ohun tí wọ́n fẹ́ ní ibẹ̀ ni imú àwọn ará àtijọ́, tó ti iwájú orí bọ̀ wá sílẹ̀ tààrà bí ẹni fi rúlà fà á. Irú imú yẹn kò lè jáde mọ́ láìgbé dúdú dání. Ó nu ọwọ́, ó mú irin tó tẹ́ẹ́rẹ́ jù, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ lé dúdú náà wọnú lọ. Ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Ọjọ́ mẹ́ta ló fi gbẹ́ ẹ. Lọ́sàn-án ọjọ́ kẹta, dúdú tán. Òkúta funfun báláú ló kù.

Loriol rọra yí ère náà ká.

"Ọ̀gá."

"Hẹn."

"Mo mọ imú yìí o."

"Dákẹ́."

"Imú tó ń bu ọbẹ̀ fún mi lọ́sọ̀ọ̀sán rèé."

Òótọ́ ló sọ. Imú wúńdíá náà tẹ̀ wọnú lókè, ṣóńṣó rẹ̀ wá gbé díẹ̀ bí ti ẹni tó ń gbóòórùn ọbẹ̀ aládùúgbò. Imú Perrine ni, kò kù síbì kan. Gbogbo ọmọdé Dijon ló fi imú yẹn ṣe Perrine ní yẹ̀yẹ́ kó tó dàgbà, títí di òní olónìí, bó bá wọ ṣọ́ọ̀ṣì, á wá ibi jókòó tí òpó á ti bo ẹ̀gbẹ́ ojú rẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ tí wọ́n ṣègbéyàwó ló ti sọ fún ọkọ rẹ̀ pé kó má gbẹ́ òun láéláé. Ta ló fẹ́ fi mábù ṣòfò lórí irú imú yìí? Fulgence kò gbẹ́ ẹ. Ìyàwó nótárì mélòó ló gbẹ́, kò gbẹ́ tirẹ̀.

Bí wọ́n ṣe dúró tí wọ́n ń wò ó yìí ni Perrine ti ìlẹ̀kùn wọlé pẹ̀lú ìkòkò ọbẹ̀. Ó wo ère. Ó wo ọkọ rẹ̀. Ó gbé ìkòkò kalẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, èyí tó burú ju kó jù ú lọ.

"Ta ló ní kó o gbé mi lọ síwájú àwọn ọlọ́nà ọba kí wọ́n fi mí ṣẹ̀sín?"

"Kì í ṣe èmi, Perrine. Òkúta ló gbé mi débẹ̀."

"Òkúta Carrara ló mọ̀ mí?"

Loriol fẹ́ẹ́ rẹ́rìn-ín, ó rí ojú rẹ̀, ó wá iṣẹ́ lọ ṣe lẹ́yìnkùlé. Ọjọ́ méjì ni Perrine kò fi bá ọkọ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ó dun Fulgence ju ọ̀rọ̀ Ẹgbẹ́ lọ.

Nínú oṣù kẹwàá ni Ọ̀gbẹ́ni Delaubrac dé. Ẹni àádọ́rin ọdún ni, ó gbẹ bí igi, ẹ̀wù dúdú ló máa ń wọ̀. Òun ló ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Ẹgbẹ́ ní yíyàwòrán, kò sì jẹ́ parọ́ kódà kó lè gba ẹ̀mí ara rẹ̀ là. Ohun tó bá sọ lórí ère, ìdajì àwọn àgbà á fi ẹ̀wà wọn tẹ̀ lé e. Ó mú abẹ́rẹ́ tó ti ki bọ iná, ó fi kan aṣọ, ó fi kan ọwọ́, ó fi kan ojú.

"Òkúta kan ni," ló wí. "Kò sí àlẹ̀mọ́. Wo ọwọ́ yìí. Barandier, níbo lo fi ara pamọ́ sí fún ọdún méjìlá?"

Fulgence rẹ́rìn-ín. Àfi bí bàbá náà ṣe bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ère, tó rí i láti ẹ̀gbẹ́, ni ẹnu rẹ̀ bá sunki.

"Kí nìyí?"

"Imú ni, Ọ̀gá."

"Mo mọ̀ pé imú ni. Imú ta ni? Kò sí nínú ère amọ̀ tí a fọwọ́ sí. Imú ìránṣẹ́bìnrin ilé ọtí rèé. Wúńdíá mímọ́ ló yẹ kó ṣọ́ iná, èyí ń ṣọ́ ẹran tó wà lórí ẹ̀ ni."

Perrine wà lẹ́nu ọ̀nà, ó gbé ọtí wáìnì àti bísíkíìtì dání lórí àwo pẹrẹsẹ. Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó gbé e kalẹ̀, ó kí bàbá náà dáadáa, ó jáde. Inú bí Fulgence, ohun tí Loriol rí lẹ́ẹ̀mejì péré láàárín ogún ọdún.

"Ẹni tó ni imú yẹn ò ṣiṣẹ́ nílé ọtí rí, Ọ̀gá."

"Ibi yòówù kó ti ṣiṣẹ́, kì í ṣe Róòmù. Ìwọ náà gbé Róòmù. Ṣé o kò rí orí wúńdíá inú ọgbà Kádínà ni? Àwòkọ rẹ̀ ló wà nínú ilé ìyàwòrán wa. Ogún ọdún ni mo ti ń fi í kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Ìyẹn ni imú! Ọlọ́run ló fọwọ́ ara rẹ̀ gbẹ́ ìyẹn. Lọ ṣe irú rẹ̀ kó o tó gbé èyí wá síwájú àwọn àgbà, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, dúdú ni èmi máa jù."

Fulgence mọ orí yẹn dáadáa.

Nígbà tó wà ní Róòmù, owó oúnjẹ tí ọba ń fún wọn kò tó ọ̀fun rẹ̀. Ní gbogbo ọjọ́ Sátidé, ó máa ń yọ lọ sọ́dọ̀ bàbá kan tó ń jẹ́ Ercole, tó ń tún àwọn ère tí wọ́n bá hú nínú ilẹ̀ ṣe kó tó tà wọ́n fún àwọn ọlọ́lá. Ère tó bá ti sùn sínú ilẹ̀ fún ẹgbẹ̀rún ọdún, imú ló máa ń kọ́kọ́ ṣẹ́. Fulgence ló ń gbẹ́ imú fún wọn. Ó gbẹ́ tó ogójì. Lọ́jọ́ kan wọ́n gbé orí kan dé láti inú oko àjàrà, ojú rẹ̀ pé, imú ni kò sí. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni lẹ́tà dé láti Dijon pé ọmọbìnrin aládùúgbò wọn, Perrine, fẹ́ fẹ́ ẹnìkan tó ń kan àgbá ọtí. Fulgence kò tíì sọ ohunkóhun fún Perrine nígbà náà, ó rò pé ọmọbìnrin náà á dúró láìjẹ́ pé wọ́n sọ fún un. Ó jókòó ti orí òkúta yẹn, ojú rẹ̀ kún fún omi, ọwọ́ rẹ̀ sì gbẹ́ ohun tí ọkàn rẹ̀ ń wò. Ercole wo imú náà títí, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó fi omi tábà pa á láró kó lè jọ ti àtijọ́, ó tà á fún Kádínà. Ó wá mú Fulgence búra níwájú àwòrán Màríà Mímọ́ pé kò ní sọ fún ẹ̀dá alààyè kankan, nítorí orúkọ òun àti oúnjẹ òun ni. Ọ̀rọ̀ ọkùnrin tó ń kan àgbá yẹn pàpà wá tú ká. Fulgence fi ẹsẹ̀ rìn padà sílé, ó sì sọ ohun tó yẹ kó ti sọ fún Perrine.

Ìmọ̀wé wá fi Delaubrac sí ipò àánú: ó mọ imú lórí ère, kò mọ̀ ọ́n mọ́ bó bá rí i níbòmíràn. Ṣùgbọ́n báwo ni Fulgence á ṣe wí? Bó bá sọ òtítọ́, ó ti da ìbúra, ó sì ti ba ayé ẹni tó bọ́ ọ jẹ́. Bó bá dákẹ́, ẹ̀wà dúdú ń dúró dè é, àgádágodo sì wà lẹ́yìn ẹ̀wà.

"Ọ̀gá," ló wí nígbẹ̀yìn, "lọ́jọ́ ìpàdé, ẹ jẹ́ kí wọ́n gbé orí ọgbà Kádínà yẹn wá sínú gbọ̀ngàn. Kí ẹ mú kọ́mpáàsì yín dání. Bí imú tèmi bá fi bí irun ṣe tó yàtọ̀ sí ti Róòmù, èmi fúnra mi ni mo máa bẹ̀ yín kí ẹ ju dúdú."

Delaubrac wò ó bí ẹni ń wo aláìsàn. "O fẹ́ kí n dójú tì ọ́ ní gbangba?"

"Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ló rí, kó rí bẹ́ẹ̀."

Ẹ má rò pé ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n ti kọjá láàárín imú kan àti èkejì. Ilé ìyàwòrán wà ní títì fún ìsinmi, kò sí bó ṣe lè yọ́ wọlé lọ wọ̀n ọ́n. Orin kankan kò jáde lẹ́nu rẹ̀ títí di ọjọ́ Màrtín Mímọ́, Loriol sì sọ pé ìdákẹ́rọ́rọ́ yẹn ń dun òun létí.

Ọjọ́ pé. Wọ́n fi kẹ̀kẹ́ ẹṣin gbé wúńdíá náà lọ sí ààfin Louvre, wọ́n fi koríko gbígbẹ wé e bí ẹyin. Àwọn àgbà mọ́kànlélọ́gbọ̀n jókòó yí ká. Wọ́n gbé àwòkọ orí Róòmù sórí pèpéle lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Delaubrac dìde, ó la ẹnu kọ́mpáàsì, ó wọn orí Róòmù láti àárín ojú dé ṣóńṣó imú. Ó gbé kọ́mpáàsì náà, láìpa ẹnu rẹ̀ dé, lọ sára wúńdíá Fulgence. Ó bára mu. Ó wọn bí ibi títẹ̀ náà ṣe jìn tó. Ó bára mu. Ó yọ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

"Ẹ̀yin ọ̀gá," ni bàbá náà wí, "mo sọ fún ọkùnrin yìí pé imú rẹ̀ kì í ṣe ti àtijọ́. Ogún ọdún ni mo ti ń wo orí yìí, mo rò pé mo mọ̀ ọ́n. Òun ló mọ̀ ọ́n. Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀ níwájú gbogbo yín."

Òun ló kọ́kọ́ ju ẹ̀wà rẹ̀. Nígbà tí wọ́n da àpótí, funfun mọ́kàndínlọ́gbọ̀n, dúdú méjì. Ọ̀kan nínú méjèèjì jẹ́ ti ayàwòrán kan tó ti ń ju dúdú fún gbogbo ènìyàn láti ìgbà tí wọ́n ti gba òun fúnra rẹ̀ wọlé. Èkejì, ojú ló ń dun ẹni tó jù ú, kò mọ funfun yàtọ̀ sí dúdú.

Perrine dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ṣíbí ọbẹ̀ lọ́wọ́ nígbà tó dé.

"Funfun ni àbí dúdú?"

"Funfun."

Ó jókòó sórí àtẹ̀gùn. "Pẹ̀lú imú yẹn?"

"Wọ́n ní imú yẹn ló dára jù níbẹ̀."

"Wọ́n ti mutí."

Pẹ́pẹ́yẹ ńlá tó máa ń sun ní ọdọọdún fún Màrtín Mímọ́ wà lórí iná. Wọ́n pe Loriol, wọ́n jẹ ẹ́ tán, Fulgence sì kọrin títí àwọn tó ń gbé lókè wọn fi kan ilẹ̀ fún un pé ó tó.

Nígbà tó kù díẹ̀ kí Kérésìmesì dé, Ẹgbẹ́ fún wọn ní yàrá méjì àti ibi iṣẹ́ nínú ààfin. Ọjọ́ tí wọ́n ń kó ẹrù, ọkọ àti aya gba inú ilé ìyàwòrán kọjá, nítorí ibẹ̀ ló yá jù. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́wàá jókòó, wọ́n tẹ orí ba lórí pépà, orí Róòmù sì wà níwájú wọn lórí pèpéle. Perrine ń lọ, ó gbé agbọ̀n abọ́ dání. Ó dúró. Ó wo orí náà láti iwájú, ó rìn yí i ká, ó wò ó láti ẹ̀gbẹ́. Ó gbé agbọ̀n kalẹ̀.

"Barandier," ló wí, ohùn rẹ̀ kò ga. "Ọdún wo ni wọ́n hú orí yìí jáde ní Róòmù?"

Fulgence wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. "Ọdún tí wọ́n kọ̀wé sí mi nípa ẹni tó ń kan àgbá."

"Ta ló gbẹ́ ẹ?"

"Àwọn ará àtijọ́ ni wọ́n ní ó gbẹ́ ẹ."

"Mo bi ọ́ ni."

Etí rẹ̀ pọ́n wá bí ata. Perrine wo etí náà fún ìgbà díẹ̀. Obìnrin tó ti bá ọkùnrin gbé fún ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n kò nílò kí ó la ẹnu. Ọkùnrin yìí ò ní ẹlòmíràn ju òun lọ ní ayé, ó ti rí bẹ́ẹ̀ kó tó di pé ó bá òun sọ̀rọ̀, gbogbo ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ọba ló sì ti ń fi ogún ọdún kọ́ bí wọ́n ṣe ń wo òun. Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú.

Akẹ́kọ̀ọ́ kan tó wà nítòsí rẹ̀, ọkùnrin gíga kan, ti ya imú náà tán. Ó wò ó, kò tẹ́ ẹ lọ́rùn, ó fi búrẹ́dì tí wọ́n fi ń pa ìlà rẹ́ nù ún kúrò, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fà á kó gùn tààrà bí imú àwọn ère tó kù nínú ìwé.

"Má tún un ṣe, ọmọ mi," ni Perrine wí fún un. "Bó ṣe rí gan-an ni kó o yà á."

"Màdáámù, ibi títẹ̀ yẹn ló ń dà mí láàmú. Mi ò rí i dáadáa láti ibi tí mo jókòó."

Perrine tú ìdè fìlà rẹ̀, ó bọ́ ọ. Ó lọ dúró sí ojú fèrèsé níbi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń wọlé, ó yí ẹ̀gbẹ́ ojú rẹ̀ sí i, ó sì dúró jẹ́ẹ́.